Fótò lásán ni, ìmọ́lẹ̀ ló yàtọ̀: bí wọ́n ṣe ń rí ohun tó ti parẹ́ lára ohun ìṣẹ̀ǹbáyé

Láti oṣù kejì ọdún 2024 tí ìròyìn ti gbòde pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta kan gba 700,000 dọ́là torí pé wọ́n ka ọ̀rọ̀ nínú ìwé tó ti jóná di èédú látìgbà tí òkè ayọnáyèéfín Vesuvius ní Ítálì ti bú gbàmù lọ́dún 79, làwọn èèyàn ti ń jiyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan ní irọ́ gbuu ni, AI ló jókòó tó hùmọ̀ ẹ̀. Àwọn míì gbà pé òótọ́ ni, àmọ́ wọ́n ní ẹ̀rọ ńlá tó ń jẹ òbítíbitì owó ni wọ́n fi ń ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, pé mùsíọ́ọ̀mù kékeré tàbí olùkọ́ tó ní kámẹ́rà kan ṣoṣo ò tiẹ̀ gbọdọ̀ dá a lábàá.

Ti ìwé yẹn, tí wọ́n rí ní Herculaneum, ìlú tí òkè náà bò mọ́lẹ̀, òótọ́ ni pé ẹ̀rọ ńlá wà ńbẹ̀, torí ìwé náà ká jọ, ó ti gan, téèyàn bá ní òun fẹ́ ṣí i ó máa fọ́ dànù ni, àfi kí wọ́n fi X-ray wo inú ẹ̀. Àmọ́ ìyẹn kọ́ ni gbogbo ẹ̀. Iṣẹ́ tó pọ̀ nínú ìmọ̀ yìí, kámẹ́rà tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ni wọ́n fi ń ṣe é, pẹ̀lú iná kan, òkùn, bọ́ọ̀lù dúdú kékeré kan àti sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́, ó sì ń dùn mí gan-an pé àwọn tí nǹkan àtijọ́ ń bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́ lójoojúmọ́ ò mọ̀ pé ó ṣeé ṣe. Torí ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ tú u palẹ̀ níbí, ká bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó rọrùn.

## Kí là ń pè ní computational imaging?

Fótò tá a mọ̀, ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa tẹ kámẹ́rà, ohun tó bá gbé náà lẹ máa wò. Computational imaging ò rí bẹ́ẹ̀. Fótò tó pọ̀ ni wọ́n ń yà, kò sì sí èyí tó dá àṣírí gbé nínú wọn, kọ̀ǹpútà ló máa wá fi wọ́n wéra, tó máa ṣírò ohun tó yàtọ̀ láàárín wọn, àwòrán tó bá ti inú ìṣirò yẹn jáde la wá ń wò. Ojú lásán ò lè rí àwòrán yẹn, kámẹ́rà náà ò lè dá a yà.

Òfin kan ló gbé gbogbo ẹ̀ ró: ohun kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ máa yí padà, gbogbo ìyókù gbọ́dọ̀ dúró gbọn-in. Tó bá jẹ́ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá lẹ̀ ń yí, Reflectance Transformation Imaging, RTI, nìyẹn. Tó bá jẹ́ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ lẹ̀ ń yí, multispectral nìyẹn. Tó bá jẹ́ ibi tí kámẹ́rà dúró sí lẹ̀ ń yí, photogrammetry nìyẹn. Àwọn èèyàn máa ń da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ nínú ìròyìn, wọ́n á kàn ní "wọ́n ti skan án", bẹ́ẹ̀ ohun tí ọ̀kan lè rí, èkejì lè má rí i rárá.

## Kí ló ń ṣẹlẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ bá ń yí ipò padà?

Ẹ wo òkúta tí wọ́n ti gbẹ́ ọ̀rọ̀ sí lára láti ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, tí òjò àti atẹ́gùn ti jẹ ojú ẹ̀. Lọ́sàn-án gangan tí oòrùn wà lókè orí, pẹrẹsẹ ló máa rí, ẹ ò ní rí nǹkan kan kà. Ẹ padà wá nígbà tí oòrùn ń wọ̀, lẹ́tà á kàn yọ síta, torí ìmọ́lẹ̀ ti ń gba ẹ̀gbẹ́ wá báyìí, kòtò tí kò jìn tó nǹkan kan náà ti ní òjìji tiẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ táwọn tó ń ṣèwádìí nǹkan àtijọ́ ti mọ ọgbọ́n yìí, wọ́n á gbé tọ́ọ̀ṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́ nǹkan náà, wọ́n á ya fótò ẹ̀. Ìṣòro tó wà ńbẹ̀ ni pé ìlà tó bá ń lọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ ń lọ kì í ní òjìji. Tẹ́ ẹ bá gbé tọ́ọ̀ṣì sápá ọ̀tún, ìlà tó dúró lóòró á hàn kedere, èyí tó dùbúlẹ̀ á sì fara pa mọ́, kí wá lẹ fẹ́ ṣe, ṣé kẹ́ ẹ máa sáré ká pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì títí tẹ́ ẹ máa fi rí lẹ́tà tẹ́ ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà ńbẹ̀ ni?

Lọ́dún 2001, Tom Malzbender àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní ilé ìwádìí Hewlett-Packard, iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà, gbé ọ̀nà kan jáde tí wọ́n pè ní Polynomial Texture Mapping, PTM. Kì í ṣe torí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni wọ́n ṣe ṣe é o, àwòrán orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n fẹ́ kó túbọ̀ jọ ojúlówó. Àmọ́ wọ́n dán an wò lára wàláà alámọ̀ ti ilẹ̀ Sumer àtijọ́ (tó wà ní Iraq báyìí), lẹ́tà tó wà lára ẹ̀ sì yọ ju bó ṣe máa ń yọ tí wọ́n bá gbé wàláà náà lọ́wọ́ lọ. Látìgbà yẹn làwọn tó ń ka nǹkan àtijọ́ ti gba ọ̀nà náà mọ́ra. RTI ni orúkọ tí wọ́n wá ń pe gbogbo ọ̀nà tó bá jọ ọ́ lónìí, PTM sì jẹ́ ọ̀kan lára wọn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Ẹ gbé kámẹ́rà sókè nǹkan náà, kó dojú kọ ọ́, kó má mira rárá. Ẹ pa iná yàrá, ẹ fa kọ́tìnì. Ẹ wá mú iná kan ṣoṣo, fláàṣì tàbí tọ́ọ̀ṣì tó lágbára, kẹ́ ẹ máa tàn án sí nǹkan náà láti ibi tó yàtọ̀ síra, yíká yíká, látibi tó lọ sílẹ̀ tó bíi digíríì 15 dé ibi tó ga tó nǹkan bíi 65. Ibi kọ̀ọ̀kan tí iná bá dé, fótò kan. Fótò bíi 36 sí 60 ti tó. Òkùn tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, iná ni kẹ́ ẹ so ó mọ́, kẹ́ ẹ tó tẹ kámẹ́rà ẹ fa orí ẹ̀ kejì dé ẹ̀gbẹ́ nǹkan náà, ẹ wá fi í sílẹ̀ kó má bàa bọ́ sínú fótò, kí iná má lọ sún mọ́ ọn níbì kan kó tún jìnnà sí i níbòmíì. Gígùn òkùn náà máa ń tó ìlọ́po méjì sí mẹ́rin bí nǹkan tẹ́ ẹ̀ ń yà ṣe fẹ̀ tó.

## Kí ni bọ́ọ̀lù dúdú ń ṣe ńbẹ̀?

Ibí yìí gan-an ni owó ti wálẹ̀, torí náà ẹ jẹ́ kí n rọra ṣàlàyé ẹ̀.

Kí kọ̀ǹpútà tó lè ṣírò nǹkan kan, ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti wá nínú fótò kọ̀ọ̀kan. Níbẹ̀rẹ̀, ìdérí róbótó ni wọ́n ń kọ́, wọ́n á to iná mọ́ inú ẹ̀, iná kọ̀ọ̀kan ní ipò tí wọ́n ti wọ̀n sílẹ̀. Ó dáa, ó sì yá, àmọ́ ó wọ́n, ohun tó bá tóbi ju ìdérí yẹn lọ ò sì lè wọ inú ẹ̀, kí lẹ fẹ́ fi ṣe lára ògiri tàbí àpáta?

Lọ́dún 2006 ni Mark Mudge àti Carla Schroer, àwọn ti Cultural Heritage Imaging ní California, pẹ̀lú Malzbender fúnra ẹ̀, fi ọ̀nà míì hàn. Wọ́n ní kẹ́ ẹ gbé bọ́ọ̀lù dúdú tó ń dán sẹ́gbẹ̀ẹ́ nǹkan náà, kó wà nínú gbogbo fótò. Tí iná bá tàn, àmì funfun kékeré kan máa yọ lójú bọ́ọ̀lù yẹn. Tí iná bá wà lápá òsì, àmì á wà lápá òsì, tí iná bá lọ sókè tààrà, àmì á bọ́ sí àárín. Ojú bọ́ọ̀lù róbótó, ibì kọ̀ọ̀kan lára ẹ̀ ló kọjú síbi tiẹ̀, kò sí méjì tó kọjú síbì kan náà, torí náà tí kọ̀ǹpútà bá ti rí ibi tí àmì wà, ó ti lè ṣírò ibi tí iná ti wá. Kò sẹ́ni tó ń wọn nǹkan kan, kò sẹ́ni tó ń kọ́ ìdérí. Ẹni tó bá ronú kan èyí ṣe àwa tó kù lóore ńlá, torí láti ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ yìí ti kúrò nínú yàrá ìwádìí bọ́ sí ìta gbangba, ibi ibojì àtijọ́, ara ògiri, inú ihò àpáta.

Bọ́ọ̀lù náà ò gbọdọ̀ kéré jù nínú fótò o, ó yẹ kí fífẹ̀ ẹ̀ tó 250 píksẹ́lì (àwọn ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di fótò), bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kọ̀ǹpútà ò ní mú ibi tí àmì wà dáadáa. Fún owó onírin (kọ́ìnì), bọ́ọ̀lù tín-ín-rín tó wà nínú béárìnì ẹ̀rọ á tó, fún ògiri ẹ máa nílò èyí tó tóbi. Ẹ fi méjì síbẹ̀ tẹ́ ẹ bá rí i, kí ọ̀kan má bàa bọ́ sínú òjìji kí iṣẹ́ ọjọ́ kan wá ṣòfò.

## Kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀, kí ló ń ṣe?

Ẹ mú píksẹ́lì kan ṣoṣo. Torí pé kámẹ́rà ò mira, ibì kan náà lára òkúta ni píksẹ́lì yẹn ń wò nínú gbogbo fótò 50 tẹ́ ẹ yà. Ohun tó ń yí ni bó ṣe mọ́lẹ̀ sí. Tó bá ṣókùnkùn nígbà tí iná wà lápá òkè, tó wá tàn yòò nígbà tí iná wá láti ìsàlẹ̀, á jẹ́ pé ìsàlẹ̀ nibẹ̀ dagun sí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kọ̀ǹpútà máa ṣe ìrònú yìí fún píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì lè tó ogún mílíọ̀nù. Ní ti PTM, kò ní tọ́jú nọ́ńbà 50 yẹn, nọ́ńbà mẹ́fà péré ló máa fi rọ́pò wọn, nọ́ńbà mẹ́fà tó tó láti sọ bí ibẹ̀ ṣe máa mọ́lẹ̀ sí tí iná bá wá láti apá ibikíbi, títí kan ibi tẹ́ ẹ ò gbé iná dé rí.

Tẹ́ ẹ bá wá ṣí fáìlì náà, ẹ máa fi máòsì gbá iná kiri lójú kọ̀ǹpútà, òkúta á sì máa dáhùn, òjìji á máa gùn á máa kúrú, ìlà tó fara pa mọ́ á yọ.

Èyí tó wúlò jù lójú tèmi ni kẹ́ ẹ ní kí sọ́fítíwíà yọ àwọ̀ kúrò pátápátá, kó ṣe bíi pé irin tó ń dán ni wọ́n fi ṣe ojú nǹkan náà. Àwọ̀ máa ń tan ojú wa jẹ. Ìdọ̀tí dúdú lójú òkúta lè jọ ìlà tí wọ́n gbẹ́, ìlà tí wọ́n gbẹ́ lóòótọ́ sì lè sọnù sínú ìdọ̀tí. Tí àwọ̀ bá ti kúrò, ohun tó bá ní ìjìn tàbí tó wú nìkan ló máa kù, ẹ máa rí ibi tí irin agbẹ́gilére yọ̀ sí, ẹ máa rí ìka amọ̀kòkò lára amọ̀, ẹ máa rí lẹ́tà tí ẹnì kan ti ha kúrò tó fẹ́ fi òmíì rọ́pò ẹ̀.

Lọ́dún 2005, àwọn Hewlett-Packard gbé ìdérí oníná wọn lọ sí mùsíọ́ọ̀mù ìṣẹ̀ǹbáyé ti ìjọba ní Athens láti ya Antikythera Mechanism, ẹ̀rọ oníjíà idẹ táwọn Gíríìkì àtijọ́ fi ń ṣírò ìrìn oòrùn àti òṣùpá. Lọ́dún 1900 làwọn tó ń wá kànrìnkàn lábẹ́ òkun rí ọkọ̀ tó rì pẹ̀lú ẹ̀ látijọ́, idẹ náà ti dípàrà, ó sì ti fọ́ sí ìwẹ́wẹ́ 82. Lọ́dún kan náà, ẹ̀rọ X-ray tó wúwo tó tọ́ọ̀nù mẹ́jọ tún gbéra láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá. X-ray ló rí inú, RTI ló rí ojú, nígbà tí wọ́n sì pa méjèèjì pọ̀, lẹ́tà tí wọ́n rí kà tó ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú níbẹ̀ ni pé X-ray tọ́ọ̀nù mẹ́jọ ò lè wá bá yín nílé, àmọ́ sọ́fítíwíà RTI ti di ọ̀fẹ́. RTIBuilder àti RTIViewer wà ńlẹ̀, Relight tó jẹ́ tuntun jù wọ́n lọ náà wà, àwọn ilé ìwádìí CNR ní Pisa, Ítálì, ló ṣe é.

## Tó bá jẹ́ íńkì ló ti parẹ́ ńkọ́?

RTI ò ní ràn yín lọ́wọ́ níbẹ̀, torí íńkì ò ní ìjìn. Àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ lẹ máa yí.

Ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ń rí ò ju èyí tó wà láàárín nǹkan bíi 400 sí 700 nánómítà (ìwọ̀n ìgbì ìmọ́lẹ̀) lọ. Èyí tó wà nísàlẹ̀ 400 là ń pè ní ultraviolet, èyí tó wà lókè 700 là ń pè ní infrared. Ohun tọ́pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé kámẹ́rà dígítà lè rí infrared dé nǹkan bíi 1000, àwọn tó ṣe é ló fi fíltà kan dí i kí àwọ̀ fótò má bàa dà rú. Tẹ́ ẹ bá ní kí ẹni tó ń tún kámẹ́rà ṣe yọ fíltà yẹn kúrò lára kámẹ́rà àlòkù kan, ẹ ti ní kámẹ́rà infrared nìyẹn.

Kí ni àǹfààní ẹ̀? Íńkì méjì lè dúdú bákan náà lójú wa, kó jẹ́ pé ọ̀tọ̀ ni ohun tí wọ́n fi ṣe wọ́n. Wọ́n dà bí ìbejì tó jọra tí wọ́n wọ aṣọ kan náà, ẹ ò mọ èwo lèwo, àmọ́ tẹ́ ẹ bá pe ọ̀kan lórúkọ, òun nìkan ló máa dáhùn. Ìmọ́lẹ̀ ni orúkọ tẹ́ ẹ̀ ń pè yẹn. Íńkì tí wọ́n fi èédú ṣe máa dúdú kirikiri lábẹ́ infrared. Èyí tí wọ́n fi irin àti kókó ara igi óákù ṣe, tí wọ́n lò ní Yúróòpù fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, ńṣe ló máa ń ṣá lábẹ́ infrared, títí tó fi máa fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Lábẹ́ ultraviolet wá ni ọ̀rọ̀ yí padà: awọ ẹran tí wọ́n fi ṣe ìwé náà á máa tàn fúnra ẹ̀, íńkì onírin á gbé ìmọ́lẹ̀ mì, ọ̀rọ̀ tó ti ṣá á sì tún dúdú padà.

Iṣẹ́ tó fi èyí hàn dáadáa jù ni ti ìwé Archimedes, ọ̀gá ìṣirò Gíríìkì àtijọ́. Ọ̀rúndún kẹwàá ni ẹnì kan da iṣẹ́ ọ̀gá ìṣirò náà kọ sórí awọ ẹran, ọ̀kan sì wà nínú ẹ̀ tí kò sí ẹ̀dà ẹ̀ míì láyé. Nígbà tó yá, àlùfáà kan nílò awọ, ló bá ha íńkì náà kúrò, ó yí awọ náà sí ìbú, ó kọ ìwé àdúrà lé e lórí, ó sì parí ẹ̀ lọ́dún 1229. Lóṣù kẹwàá ọdún 1998, ẹnì kan tí kò dárúkọ ara ẹ̀ rà á ní mílíọ̀nù méjì dọ́là ní New York, ó gbé e fún Walters Art Museum ní Baltimore kí wọ́n ṣèwádìí ẹ̀. Roger Easton, Keith Knox àti William Christens-Barry ló bójú tó fótò ẹ̀.

Wọ́n ṣàkíyèsí pé lábẹ́ iná pupa, ọ̀rọ̀ Archimedes máa ń pòórá, torí íńkì tó kù lára ẹ̀ ti pọ́n, àdúrà nìkan ló máa hàn. Lábẹ́ ultraviolet, méjèèjì ló máa hàn. Ẹ wá wo ohun tí wọ́n ṣe. Fótò aláwọ̀ tó wà lórí kọ̀ǹpútà ní àyè mẹ́ta: pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù. Wọ́n fi fótò abẹ́ iná pupa sí àyè pupa, wọ́n fi ti ultraviolet sí àyè méjì tó kù. Awọ mọ́lẹ̀ nínú fótò méjèèjì, torí náà funfun ló jáde. Àdúrà dúdú nínú méjèèjì, dúdú náà ló jáde. Ọ̀rọ̀ Archimedes mọ́lẹ̀ nínú ti pupa, ó sì dúdú nínú ti ultraviolet, torí náà ó jáde ní pupa! Ẹni tó ń kà á á kàn máa tọ ọ̀rọ̀ pupa lọ lábẹ́ ọ̀rọ̀ dúdú. Ìṣirò tó wà nínú ẹ̀ ò ju kéèyàn to fótò méjì lé ara wọn lọ. Ní 29 oṣù kẹwàá ọdún 2008 ni wọ́n gbé gbogbo fótò náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹnikẹ́ni.

Irú ọ̀nà yìí náà ni wọ́n fi ka ìwé ìrántí ọdún 1871 tí David Livingstone, òyìnbó arìnrìn-àjò, kọ nígbà tí tákàdá àti íńkì tán lọ́wọ́ ẹ̀, tó wá ń fi oje èso kọ ọ́ sórí ìwé ìròyìn àtijọ́. Oje yẹn ti ṣá, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti tẹ̀ sára ìwé ìròyìn náà sì wà lábẹ́ ẹ̀ tó ń da ojú rú. Ibẹ̀ ló ti kọ ohun tí ojú ẹ̀ rí nígbà tí wọ́n pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní Nyangwe, ní ibi tó wà nínú Congo báyìí, lóṣù keje ọdún yẹn. Lọ́dún 2011 ni àwọn fótò náà jáde.

## Ṣé ẹni tí ò lówó lè ṣe multispectral?

Ó lè ṣe é, àmọ́ ó gba sùúrù ju RTI lọ. Ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe ni LED. Tẹ́lẹ̀, fíltà olówó ńlá ni wọ́n ń gbé síwájú kámẹ́rà kí wọ́n tó lè yan àwọ̀ kan. Lónìí, LED kọ̀ọ̀kan àwọ̀ tiẹ̀ ló ń tàn, tẹ́ ẹ bá pa gbogbo iná yàrá, tẹ́ ẹ tan LED kan, tẹ́ ẹ ya fótò, tẹ́ ẹ pa á, tẹ́ ẹ tan òmíì, iṣẹ́ kan náà lẹ ti ṣe yẹn. Ní Rochester Institute of Technology ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ kan báyìí tí wọ́n pè ní MISHA, torí àwọn láíbìrì àti mùsíọ́ọ̀mù kéékèèké tí agbára wọn ò ká ẹ̀rọ ńlá. Lọ́dún 2020, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ìwé yẹn fi ẹ̀rọ tí wọ́n kọ́ fúnra wọn yẹ ojú ìwé awọ kan tó ti wà láti ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún wò, wọ́n sì bá ọ̀rọ̀ míì lábẹ́ èyí tí gbogbo èèyàn ti ń wò látọjọ́ yìí. Ọmọ ilé ìwé ni wọ́n o.

Tí fótò bá ti wá pọ̀, bíi mẹ́wàá tàbí mẹ́rìndínlógún, ojú ò lè mọ èyí tí kó fi wé èyí mọ́. Kọ̀ǹpútà ló máa wá àpapọ̀ tó mú ìyàtọ̀ jáde jù, á sọ pé "mú díẹ̀ lára ti àkọ́kọ́, yọ ìdajì ti ìkẹta kúrò, fi ti ìkẹjọ kún un". Á gbé oríṣiríṣi àpapọ̀ síwájú yín, ọ̀pọ̀ ò ní wúlò, ọ̀kan tàbí méjì lè jẹ́ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti yọ.

Ẹ ò tiẹ̀ nílò LED fún àwòrán tí wọ́n fi ọ̀dà kùn sára àpáta. Àyè mẹ́ta tó wà nínú fótò lásán ti tó. Jon Harman kọ sọ́fítíwíà kan lọ́dún 2005 tó ń jẹ́ DStretch, tó ń ṣiṣẹ́ nínú ImageJ, sọ́fítíwíà àwòrán kan, ó máa ń fa ìyàtọ̀ kékeré tó wà láàárín àwọ̀ ọ̀dà àti àwọ̀ àpáta gùn títí ojú á fi rí i. Àwọ̀ tó máa jáde ò ní jọ ti òótọ́, ọwọ́ ènìyàn tàbí ẹranko tẹ́ ò rí tẹ́lẹ̀ lè yọ ní pupa rokoṣo. Àwọn tó mọ ọgbọ́n yìí kọ́kọ́ ń lò ó fún fótò tí wọ́n yà láti òfuurufú.

## Kámẹ́rà tó ń rìn yíká ńkọ́?

Èyí ni photogrammetry, òun náà ló tàn kálẹ̀ jù, torí náà mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Nǹkan náà dúró, ìmọ́lẹ̀ dúró, kámẹ́rà ló ń yí i ká, fótò kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ tún gbé bíi ìpín 60 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí èyí tó ṣáájú ẹ̀ ti gbé. Kọ̀ǹpútà á wá ibi kéékèèké tó hàn nínú fótò tó ju ẹyọ kan lọ, á ṣírò ibi tí kámẹ́rà dúró sí nígbà kọ̀ọ̀kan, á wá kọ́ àwòrán tó ní ìbú, òòró àti ìjìn. Sọ́fítíwíà Meshroom ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ fi rúlà síbẹ̀ o, torí kọ̀ǹpútà ò mọ̀ bóyá ère tó ga tó ìka ni àbí èyí tó ga tó ilé. Ohun tó ń dán bíi jígí máa ń dà á láàmú.

Agbára ẹ̀ tó jọ mí lójú jù ni pé ó lè lo fótò àtijọ́. Nígbà tí wọ́n fọ́ àwọn ère Buddha ńlá ti Bamiyan ní Afghanistan lóṣù kẹta ọdún 2001, àwọn onímọ̀ ní ETH Zurich lo fótò mẹ́ta tí wọ́n ti yà lọ́dún 1970 láti tún èyí tó tóbi jù kọ́ lórí kọ̀ǹpútà. Lọ́dún 2015 tí wọ́n tún ba mùsíọ́ọ̀mù Mosul jẹ́ ní Iraq, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í kó fótò àwọn tó ti ṣàbẹ̀wò síbẹ̀ rí jọ, fótò tẹ́nì kankan ò yà torí ìwádìí, wọ́n sì rí díẹ̀ lára àwọn ère náà kọ́ padà.

## Ṣé kọ̀ǹpútà ò kàn ń hùmọ̀ ni?

Ìbéèrè tó dáa ni, ó yẹ kéèyàn máa bi í ní gbogbo ìgbà.

Nínú RTI, kò sí ibi tí ìhùmọ̀ fẹ́ gbà wọlé. Nọ́ńbà tó wà fún píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan, inú fótò tiyín ló ti wá, ẹlòmíì lè mú fótò yẹn kó tún ìṣirò náà ṣe kó rí i bóyá nǹkan kan náà ló máa jáde. Multispectral náà bẹ́ẹ̀. Ti ìwé Herculaneum, AI wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ wọn ò kọ́ ọ ní èdè Gíríìkì, kò mọ bí lẹ́tà ṣe rí, ibi tín-ín-rín ló ń wò lẹ́ẹ̀kan tó ń sọ bóyá íńkì wà ńbẹ̀ tàbí kò sí, lẹ́yìn náà làwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó mọ ìwé àtijọ́ wá kà á.

Ibi tí ìhùmọ̀ ti lè wọlé wà lọ́wọ́ wa, kí kọ̀ǹpútà tó dé rárá. Fóònù òde òní kì í fún yín ní ohun tó rí gan-an, ó máa ń pa fótò pọ̀, á fọ ojú nǹkan, á fi kún ìlà kó lè dùn ún wò, bẹ́ẹ̀ ìlà tó fi kún un lè jẹ́ ohun tẹ́ ẹ máa pè ní lẹ́tà lọ́la. Tó bá jẹ́ fóònù lẹ máa lò, ẹ ya RAW (fótò tí fóònù ò tíì tún ṣe), ẹ pa gbogbo ẹwà tó ń ṣe, ẹ ti fókọ́ọ̀sì àti ìmọ́lẹ̀ pa síbì kan. Ẹ má da fótò tẹ́ ẹ kọ́kọ́ yà nù láéláé, ẹ sì kọ ohun tẹ́ ẹ ṣe sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, torí àwòrán tó rẹwà tí kò ní ìtàn bí wọ́n ṣe ṣe é, kò sẹ́ni tó lè fi jẹ́rìí.

Ẹ̀tàn kejì wà nínú ojú tiwa. Tẹ́ ẹ bá ti ń wá lẹ́tà kan, ẹ máa rí i lára ibi tí òkúta kàn ti jẹ lásán. Ẹ fún ẹlòmíì tí kò mọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń wá kó wò ó.

## Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ultraviolet ń ba ojú jẹ́, ẹ wọ awò tó ń dáàbò bo ojú, ó sì ń ba íńkì àti aṣọ àtijọ́ jẹ́ tó bá pẹ́ lórí wọn, torí náà ẹ tan án, ẹ ya fótò, ẹ pa á. Ẹ má fi omi tàbí òróró pa nǹkan náà kó lè hàn dáadáa, àwọn kan ti fi ìyẹn ba àwòrán ara àpáta jẹ́ láìsí àtúnṣe. Ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, kì í ṣe mùsíọ́ọ̀mù nìkan, torí àwọn nǹkan kan wà táwọn tó jogún wọn ò fẹ́ kí gbogbo ayé máa wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀tọ́ wọn nìyẹn, ó ṣáájú fótò yòówù kẹ́ ẹ fẹ́ yà.

Ẹ má fi nǹkan iyebíye kọ́ iṣẹ́. Owó onírin tó ti fá ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù, ẹ fi wáyà tàbí rìmóòtù tẹ kámẹ́rà kí ọwọ́ má kàn án. Tí àwòrán tó jáde bá ní etí méjì méjì, nǹkan kan ti mira, ẹ tún un yà. Tí iná bá ń ti ibi tí kò yẹ wá lójú kọ̀ǹpútà, sọ́fítíwíà ò mú àmì funfun lójú bọ́ọ̀lù dáadáa, ẹ padà lọ fi ọwọ́ yín tọ́ka ibẹ̀ fún un. Tí méjèèjì bá ti dáa, tí nọ́ńbà ọdún tó ti fá lára owó náà bá ti ń yọ bẹ́ ẹ ṣe ń gbá iná kiri, ẹ ti lè lọ tọrọ àyè lọ́dọ̀ ẹni tó ni òkúta.